Ikọ́ Tí Kò Gbọ́ Oògùn: Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Àrùn Fọ́ńgọ́sì Inú Ara àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Kà Á

  

Ọ̀rọ̀ ìlera la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, torí ìyẹn la ti ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ àrùn kan ni tí púpọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àmọ́ tó máa ń wọ aṣọ àrùn mìíràn wá bá èèyàn.

Ẹ wò ó ná. Ẹnì kan ń wúkọ́, ó ń rù, òógùn ń bò ó lóru. Wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní TB. Ó lo oògùn oṣù mẹ́fà, ó lò ó pé, síbẹ̀ ara kò bọ̀ sípò. Àwọn ará ilé á ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e káàkiri. Owó ọjà á tán, ilé ìtajà á tì pa. Ó lè jẹ́ pé TB tí oògùn kò ràn mọ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ fọ́ńgọ́sì. Bí kò bá sì sí ẹni tó ronú kan fọ́ńgọ́sì, kò sí ẹni tó máa wá a, ẹni tí wọn kò sì wá, wọn ò lè rí i kà.

KÍ NI FỌ́ŃGỌ́SÌ?

Fọ́ńgọ́sì kì í ṣe àjèjì sí ọlọ́jà. Olú tí à ń fi se ọbẹ̀, ara wọn ni. Ìwúkàrà tó ń mú ìyẹ̀fun búrẹ́dì wú, ara wọn ni. Ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu, àti lára ẹ̀pà tàbí àgbàdo tí omi kàn nínú àpò, àwọn náà ni. Làpálàpá orí àwọn ọmọ wa, fọ́ńgọ́sì ló fà á. Wọ́n wà nínú ilẹ̀, nínú eruku, nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ojoojúmọ́ la ń fà wọ́n símú, wọn kì í sì í ṣe ọ̀pọ̀ wa ní nǹkan kan, torí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa ń pa wọ́n.

Ìgbà tí ọmọ ogun ara bá ti rẹ̀ ni wàhálà máa ń dé. Àwọn wo lọ́rọ̀ náà kàn jù? Ẹni tó ní kòkòrò HIV tí kò lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ ti kọjá ààlà. Ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ. Ẹni tó ti pẹ́ lórí oògùn steroid, irú èyí tí àwọn kan ń rà ní kẹ́míìsì láti fi sanra. Ẹni tí TB ti dá ihò sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Lára irú àwọn bẹ́ẹ̀, fọ́ńgọ́sì kì í dúró lójú ara bíi làpálàpá. Á wọ ẹ̀dọ̀fóró, á wọ ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dé ọpọlọ. Òun là ń pè ní àrùn fọ́ńgọ́sì inú ara. Kò wọ́pọ̀ bí ibà, ṣùgbọ́n bí a kò bá tètè mọ̀ ọ́n, ó ń pa èèyàn.

ÈWO LÓ WÀ NÍLẸ̀ TIWA?

Ó pọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta.

Èkíní ni Histoplasma. Inú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ ẹyẹ tàbí ìgbẹ́ àdán ti dà pọ̀ mọ́ ló ń gbé. Bí wọ́n bá tú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí tí wọ́n gbá a ní gbígbẹ, eruku á dìde, èèyàn á fà á símú. Ó ní ẹ̀yà kan tó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà gan-an. Ní 1943 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Duncan kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ lára ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà ní Gánà. Ní 1952 ni wọ́n fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, duboisii. Ẹ̀yà yìí máa ń yọ kókó sí awọ ara, ó máa ń di egbò, ó sì máa ń jẹ eegun. Ó lè mú ẹni tí kò ní HIV rárá.

Ẹ má rò pé òkèèrè ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní UCH Ìbàdàn, dókítà Cockshott àti Adétòkunbọ̀ Lucas ti kọ̀wé nípa àrùn yìí láti 1964. Ní 1994, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tẹ ìròyìn jáde pé àwọ́n rí Histoplasma yìí nínú ihò àpáta tí àdán ń gbé ní Ogbunike, ní ìpínlẹ̀ Anambra, kò jìnnà sí Onitsha tí púpọ̀ nínú wa ti ń rajà. Nítorí náà, ilẹ̀ wa gan-an ló wà.

Èkejì ni Aspergillus, ìyekan èyí tó ń hù lára ọkà tó bu. Ibi tí TB bá ti dá ihò sí nínú ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń lọ kọ́lé sí, bí èèyàn tó rí ilé òfìfo. Nígbà náà TB ti lọ, àmọ́ ikọ́ kò lọ, ó tiẹ̀ lè máa mú ẹ̀jẹ̀ jáde. Láàárín 2014 sí 2015, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rita Oladele ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ èèyàn 208 tó ti gba ìtọ́jú TB wò ní Èkó àti Ìlọrin. Bí èèyàn 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí i pé àrùn Aspergillus wà nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ìlú òyìnbó. Èkó wa níbí ni.

Ẹ̀kẹta ni Cryptococcus. Ó máa ń wà nínú ìgbẹ́ ẹyẹlé. Ọpọlọ ló ń bá jà, pàápàá lára ẹni tí HIV ti sọ di aláìlágbára. Orí fífọ́ tí kò dáwọ́ dúró ló fi ń bẹ̀rẹ̀, á wá kan ojú, á wá kan iyè. Àwọn èèyàn á ní orí ló dàrú, wọ́n á gbé e lọ síbi tí kò yẹ.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI Ń ṢÌ Í PÈ NÍ TB?

Torí pé àmì wọn jọra bí ìbejì. Ikọ́, rírù, ooru ara, òógùn òru, àárẹ̀. Bí wọ́n bá ya ẹ́síréè àyà, òjìji tó máa hàn níbẹ̀ fara jọ ara wọn. TB sì pọ̀ gan-an nílẹ̀ wa, òun ló yẹ kí dókítà kọ́kọ́ rò. A kò dá wọn lẹ́bi. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé oògùn TB kì í pa fọ́ńgọ́sì. Oògùn tí ń pa fọ́ńgọ́sì wà lọ́tọ̀. Itraconazole wà tí wọ́n ń gbé mì fún Histoplasma, amphotericin B sì wà tí wọ́n ń fà sí èèyàn lára tí ó bá ti le. Ẹni tó ní Histoplasma tó ń lo oògùn TB nìkan dà bí ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìtajà ẹlòmíràn ṣí tirẹ̀. Á ṣí i títí, kò ní ṣí.

BÁWO NI WỌ́N ṢE Ń KÀ Á?

Gbogbo wa la mọ káàdì alájọ. Ọjọ́ tí alájọ kò bá fàlà sí káàdì rẹ, bí o tilẹ̀ ti san owó, níwájú ìwé, o kò san. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àrùn ṣe rí níwájú ìjọba. Àrùn tí kò sí nínú ìwé, wọn ò ní ra oògùn rẹ̀ sílẹ̀, wọn ò ní kọ́ nọ́ọ̀sì nípa rẹ̀, wọn ò ní gbé ẹ̀rọ àyẹ̀wò rẹ̀ wá sí àdúgbò.

Kí àrùn fọ́ńgọ́sì tó dé inú ìwé, ó ní ìpele tó gbọ́dọ̀ gbà. Lákọ̀ọ́kọ́, dókítà gbọ́dọ̀ fura. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gba ìtọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ̀jẹ̀, omi ọ̀pá ẹ̀yìn, tàbí wọ́n á gé ẹran díẹ̀ lára kókó náà. Wọ́n á gbé e lọ sí láàbù. Bí wọ́n bá ní kí fọ́ńgọ́sì Histoplasma hù kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, aláìsàn lè má lè dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ìtọ̀ fi dára. Ó ń wá àpá Histoplasma nínú ìtọ̀, kì í sì í pẹ́ kí èsì tó jáde. Lẹ́yìn èsì ni ọ̀rọ̀ ìwé. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó fi tó òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ létí, ìyẹn á sọ fún ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ á sọ fún àjọ NCDC ní Abuja.

A mọ̀ pé ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá fẹ́. Ṣé ẹ rántí Ẹ̀bólà 2014? Oṣù keje ni àlejò kan gbé e wọ Èkó láti Làìbéríà. Wọ́n wá gbogbo ẹni tó ti fara kàn án àti ẹni tó fara kan àwọn yẹn, èèyàn 894 lápapọ̀, wọ́n ń lọ bá wọn nílé, wọ́n ń wo bí ara wọn ṣe gbóná sí. Èèyàn 20 péré ló kó o, 8 nínú wọn kú, nígbà tó sì di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ìkà ló gbà wá. Bí kọ́lẹ́rà tàbí ibà Lassa bá yọjú lónìí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbé e gbà. Ṣùgbọ́n fọ́ńgọ́sì inú ara kò ní irú ẹni tó ń sáré tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwọn dókítà díẹ̀ tó gba ọ̀rọ̀ náà kanrí ló wà, àwọn bíi ti Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Fọ́ńgọ́sì ti Nàìjíríà.

Ẹ wá wo ohun tí ìyàtọ̀ ìkà àti àìkà lè ṣe. Àwọn onímọ̀ kó gbogbo ìwé tí dókítà ti kọ nípa Histoplasma ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà jọ, láti 1952 dé 2017. Ọdún 66 nìyẹn. Èèyàn 470 péré ni wọ́n rí. Ẹni tó bá rí i á ní, ‘Ṣé àrùn nìyẹn náà?’ Ó wá kù díẹ̀. Ní 2022, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladele àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì mìíràn jáde. Ilé ìwòsàn mẹ́wàá ní Nàìjíríà ni wọ́n lọ, wọ́n yẹ ìtọ̀ èèyàn 988 wò, àwọn tí HIV ti bá fínra gidi. Èèyàn 76 ló ní Histoplasma. Ilé ìwòsàn mẹ́wàá péré, orílẹ̀-èdè kan péré! Kì í ṣe pé àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àyẹ̀wò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọdún kan náà, 2022, ni ìròyìn jáde pé wọ́n ti rí Candida auris ní Nàìjíríà. Òun ni fọ́ńgọ́sì tó máa ń ràn láti ara aláìsàn kan sí òmíràn nínú ilé ìwòsàn, tí ọ̀pọ̀ oògùn kò sì ràn. Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní 2009. Ní oṣù kẹwàá 2022 yẹn náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé to fọ́ńgọ́sì 19 sínú ìwé, pé àwọn wọ̀nyí ni kí gbogbo ayé máa ṣọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa ṣe irú rẹ̀ fún fọ́ńgọ́sì. Cryptococcus, Aspergillus àti Candida auris wà ní ìpele tó le jù. Histoplasma ló wà ní ìpele tó tẹ̀ lé e.

OHUN TÍ ÌPÈ KAN ṢE NÍ AMẸ́RÍKÀ

Ní oṣù kẹsàn-án 2012, ní ìlú Nashville ní Amẹ́ríkà, dókítà obìnrin kan, April Pettit, ń tọ́jú ọkùnrin kan tí awọ ọpọlọ rẹ̀ wú. Èsì láàbù dé, fọ́ńgọ́sì ni. Ó yà á lẹ́nu, torí ọkùnrin náà kò ní HIV, ara rẹ̀ kò sì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Dókítà yìí béèrè ohun tó ṣe láìpẹ́, wọ́n ní ó gba abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn torí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ó fi tó ọ́fíìsì ìlera ìpínlẹ̀ létí. Kò ní ‘ẹnì kan ṣoṣo ni, kí ló kàn mí?’

Ìpè yẹn ló tú àṣírí. Wọ́n tẹ̀ lé abẹ́rẹ́ náà padà sí ilé iṣẹ́ tó pò ó ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, bí ọlọ́jà ṣe máa ń tẹ̀ lé epo ayédèrú padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ru kẹ́ẹ̀gì wá. Fọ́ńgọ́sì wà nínú oògùn náà. Bí èèyàn 14,000 ni wọ́n ti fún ní irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan torí orúkọ wọn wà nínú ìwé. Nígbà tí wọ́n kà á tán, èèyàn 753 ló ti ṣàìsàn ní ìpínlẹ̀ 20, 64 sì kú. Ó dunni. Ṣùgbọ́n ká ní kò sí ìpè, ká ní kò sí ìwé, ta ló mọ iye tí ì bá jẹ́?

Ti Íńdíà tún wà níbẹ̀. Ní 2021, nígbà tí Kòrónà gbóná níbẹ̀, fọ́ńgọ́sì kan tí wọ́n ń pè ní fọ́ńgọ́sì dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ imú àti ojú àwọn tó ti ní Kòrónà, pàápàá àwọn alátọ̀gbẹ. Ní oṣù karùn-ún ìjọba wọn ní kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa ka ẹnikẹ́ni tó bá ní in, kí wọ́n sì máa jábọ̀. Ó ju 40,000 lọ. Amphotericin B ti wọ́n gógó lọ́jà nígbà yẹn, iye aláìsàn tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kà ni ìjọba fi ń pín in fún wọn. Ẹni tí a kà ni oògùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

KÍ LÓ YẸ KÍ ÀWA ṢE?

1. Ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má fi àgbo bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí fún àyẹ̀wò TB. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn TB ní ilé ìwòsàn ìjọba. TB ló ṣì pọ̀ jù, òun la ó kọ́kọ́ wá.

2. Ẹni tó ń lo oògùn TB, kó má dá a dúró nítorí ohun tí a kọ yìí o! Ẹ lò ó pé. Bó bá wá jẹ́ pé ẹ lò ó, tí ara kò sì yá, ẹ má lọ pààrọ̀ oògùn ní kẹ́míìsì. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, ‘Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò lè jẹ́ fọ́ńgọ́sì?’ Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Bí ibẹ̀ kò bá ní àyẹ̀wò rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà.

3. Ẹ tọ́jú ìwé yín. Káàdì, èsì àyẹ̀wò, fọ́tò ẹ́síréè, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan ṣoṣo. Ìwé àtijọ́ ló ń jẹ́ kí dókítà tuntun mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

4. Ẹni tó ní HIV, kó má fo oògùn rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ tí kò dáwọ́ dúró, kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Alátọ̀gbẹ tí ojú rẹ̀ bá wú lápá kan, tí imú ń dùn ún tàbí tó ń dúdú, kó má sùn mọ́jú kó tó lọ.

5. Ẹ̀yin aládìyẹ wa, àti ẹ̀yin tó ń fi ìgbẹ́ adìyẹ gbin ẹ̀fọ́, ẹ má gbá ìgbẹ́ gbígbẹ. Ẹ wọ́n omi sí i kí ẹ tó gbá a, kí ẹ fi nǹkan bo imú, kí ẹ fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí àdán bá ti kún òrùlé ìtajà àtijọ́, ẹ má kàn gba igi kí ẹ máa gbọn ìgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó bá ti bu, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má fẹ́ ẹ, ẹ kó o dànù.

6. Kí ẹnikẹ́ni má lé aláìsàn kúrò nídìí igbá rẹ̀. Histoplasma, Aspergillus àti Cryptococcus kì í ràn láti ara èèyàn kan sí èkejì bí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹ bá a jẹun, ẹ bá a tajà.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ ni ohùn wa. Bí àwa obìnrin ọjà bá lè lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ àti ìdọ̀tí, a lè lọ lórí èyí náà. Ẹ jẹ́ ká bẹ òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ pé kó wá bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé. Ẹ jẹ́ ká béèrè pé kí àyẹ̀wò ìtọ̀ yẹn má jẹ́ ti ilé ìwòsàn ńlá nìkan, kó dé ọ̀dọ̀ wa lápá ibí náà. Láti Òkokomáíkò dé Ìdí-Àràbà, ẹni tí ara rẹ̀ le gan-an mọ ohun tí gosiló ojú títì Badagry ń ṣe fún un, ká tó wá sọ ẹni tí kò lè mí dáadáa.

Ọlọ́jà kì í tijú àtiṣírò. Ìṣirò la fi ń mọ èrè, òun náà la fi ń mọ àdánù. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn láàárín wa, kí Ọlọ́run bá wa wo ó sàn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, kó máa dá sí i.